Orí Karùn-ún: Ta Ló Mú Abẹ Dání? Kíkọ́ Àwọn Ará Lomé ní Àfiwé Inú Gẹ̀ẹ́sì Ọrọ̀-Ajé

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 2022, Nana Akufo-Addo, tó jẹ́ ààrẹ Ghana nígbà náà, bá àwọn ará ìlú rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Gbèsè ti wọ ìjọba lọ́rùn, cedi ń já wálẹ̀, àyà àwọn tó yá ìjọba lówó sì ń já. Ààrẹ ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kò ní sí 'haircut' kankan. Láti ọjà Assigamé ní Lomé, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé ẹnubodè Aflao, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ ní Ghana kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí náà dé kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè tó sì bá a wọlé mọ́gbọ́n dání: kí ni onígbàjámọ̀ ń wá nínú gbèsè ìjọba?

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni orí yìí wà fún. Mo kọ ọ́ fún olùkọ́ tó gbọ́ Yorùbá, tó sì ń kọ́ àwọn ará Lomé ní Gẹ̀ẹ́sì owó àti òwò, yálà ó ti Nàìjíríà tàbí Benin wá, tàbí ó jẹ́ ọmọ Ifẹ̀ Atakpamé, tàbí Anagokomé ní àárín Lomé gan-an ni wọ́n bí i sí.

Àwọn tí ẹ ó máa kọ́

Lomé ò tóbi tó Èkó, ṣùgbọ́n ilé owó ńláńlá tó fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ kò kéré. Olú ilé iṣẹ́ Ecobank wà níbẹ̀. BOAD, báńkì ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1973, wà níbẹ̀. Báńkì ti ECOWAS, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní BIDC, náà wà níbẹ̀. Ẹ fi èbúté kún un, níbi tí ẹrù tó ń lọ sí Burkina Faso, Mali àti Niger ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, Togo tún wọ ẹgbẹ́ Commonwealth. Ẹni tó jókòó síwájú yín lè jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí Accra, tàbí àjẹ́ǹtì tó ń bá èèyàn yọ ẹrù ní èbúté, tàbí ìyá aláṣọ tó ní oníbàárà ní Nàìjíríà, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì Lomé.

Gbogbo wọn ló mọ iṣẹ́ wọn. Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ, èdè Mina ni wọ́n sì fi ń ná ọjà. Ẹ má ṣe kọ́ wọn bí ọmọdé tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ èlé. Òṣìṣẹ́ báńkì yẹn mọ̀ nípa owó jù mí lọ dáadáa, ó sì ṣeé ṣe kó mọ̀ jù yín náà lọ. Ibi tó ti ń kọsẹ̀ ni pé ìwé ìròyìn Accra àti ti Èkó kì í fi bẹ́ẹ̀ pe nǹkan lórúkọ rẹ̀. Owó ń léfòó, ọjà gbóná sódì, wọ́n fún báńkì lábẹ́rẹ́, wọ́n gé gbèsè nírun. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ló kún inú ìròyìn náà fọ́fọ́, kò sì sẹ́ni tó kọ ọ́ sí i pé àfiwé ni.

Inú ọjà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Àwọn ìwé kan máa ń ní kí olùkọ́ kọ ogójì ọ̀rọ̀ sójú pátákó, kó máa túmọ̀ wọn níkọ̀ọ̀kan. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ tí a bá há sórí lọ́jọ́ Ajé, tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó ti fò lọ. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọ lẹ́nu ní Assigamé ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú wá.

Ẹ wo àwọn ìyá aláṣọ tí wọ́n ń pè ní Nana Benz, tí wọ́n fi aṣọ àǹkárá ilẹ̀ Netherlands là débi pé ọkọ̀ Mercedes-Benz ni wọ́n ń gùn. Nọ́ńbà ni ilé iṣẹ́ máa ń fi dá àwọn àrà aṣọ mọ̀. Àwọn ìyá yìí ò fi nọ́ńbà polówó. Wọ́n sọ aṣọ lórúkọ. Títí dòní, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: 'Ojú orogún mi', 'Ọkọ mi kájú ẹ̀', 'Bí o bá jáde, èmi náà á jáde'. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú orúkọ aṣọ kọ̀ọ̀kan wá láti ilé, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Lóòótọ́, wọ́n ya ojú sára aṣọ kan, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wa pé ojú orogún ni? Kí sì nìdí tí obìnrin á fi fẹ́ràn láti ra ìyẹn ju aṣọ tí kò lórúkọ? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn lé e lórí. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó máa sọ pé àfiwé inú òwò jẹ́ àjèjì sóun.

Àwọn tó gbọ́ Yorùbá láàárín wọn á rántí tiwọn kíákíá. Ọjà gbóná, ọjà kú, owó há sí i lọ́wọ́, owó rẹ̀ wọgbó, ó jẹ èrè, ó jẹ gbèsè. Gbèsè kì í ṣe oúnjẹ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń rò ó pé òun ń pa àṣamọ̀ nígbà tó bá ní òun jẹ ẹ́. Bí Gẹ̀ẹ́sì ọrọ̀-ajé ṣe rí náà nìyẹn. George Lakoff àti Mark Johnson, àwọn ọmọwé Amẹ́ríkà méjì, tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1980, tí wọ́n ti sọ pé irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ara èdè, òun la fi ń ronú. Ẹ ò nílò láti gbé ìwé náà wọ kíláàsì. Ẹ kàn fi í sọ́kàn pé àwòrán tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ni ẹ̀ ń kọ́ni, àti pé ogún ọ̀rọ̀ lè wà lábẹ́ àwòrán kan ṣoṣo.

Ẹ̀kọ́ omi

Àwòrán tó lọ́rọ̀ lábẹ́ jù ni omi, òun ni mo sì máa ń ní kí olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Bill Phillips, ọmọ New Zealand, ti bá wa ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Lọ́dún 1949, ó gbé ẹ̀rọ kan tó tò jọ wá hàn ní London School of Economics, èyí tí wọ́n ń pè ní MONIAC. Ẹ̀rọ náà ga tó àgbàlagbà, àgbá àti ọ̀pá tí ojú lè rí inú wọn ló wà lára rẹ̀, omi aláwọ̀ sì ń gba inú wọn kọjá. Omi yẹn dúró fún owó tó ń wọlé fún gbogbo orílẹ̀-èdè kan. Bó ṣe ń ṣàn bọ̀ láti òkè, apá kan á yà sọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí owó-orí, apá kan á yà sínú ìfowópamọ́, apá kan á bá ọjà òkèèrè lọ, ìyókù á sì padà sókè láti tún bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ṣí ọ̀nà owó-orí sílẹ̀ sí i, omi tó kù fún ìnáwó á dínkù lójú kòrókòró. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà wà ní Science Museum ní London, fídíò rẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ kọ́kọ́ fi fídíò náà hàn wọ́n láìsọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Kí wọ́n fi Faransé tàbí Mina sọ ohun tí wọ́n rí. Kí ẹ wá ya ẹ̀rọ náà gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ sójú pátákó, àgbá mẹ́rin àti ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀ ti tó, kí ẹ sì pín ìwé pélébé fún wọn, ọ̀rọ̀ kan lórí ìwé kan: 'flow', 'leak', 'drain', 'pump in', 'tap', 'pool', 'freeze', 'dry up', 'flood'. Kí kálukú dìde, kó lọ lẹ ìwé tirẹ̀ mọ́ ibi tó rò pé ó yẹ.

Ibẹ̀ ni ariwo á ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì pa á. Ẹnì kan á lẹ 'leak' mọ́ owó tí ará Lomé ń fi ránṣẹ́ sílé ní Kara. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, inú Togo náà ni Kara wà, omi ò tíì jáde nínú ẹ̀rọ. Àjẹ́ǹtì èbúté á ní kí wọ́n fi 'leak' sí ẹnubodè, níbi tí ọjà ti ń wọlé láìsan owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Owó tí ọmọ tó wà ní Jámánì ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ńkọ́, ọ̀pá wo ló gbà wọlé? Kí iṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, ẹni tí kì í la ẹnu á ti sọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ méjì nínú agbo omi yìí fẹ́ àkíyèsí. Àkọ́kọ́ ni 'bail out'. Àwọn apẹja tó wà lẹ́bàá èbúté Lomé lẹ ó fi ṣàlàyé rẹ̀. Bí omi bá wọ ọkọ̀, wọ́n á mú igbá, wọ́n á máa gbọ́n ọn dà síta kí ọkọ̀ má bàa rì. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin á sọ fún yín pé 'bail' ni kí wọ́n gba oníduùró èèyàn kúrò látìmọ́lé. Ẹ ní ó jàre, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n béèrè ni pé igbá ta ni wọ́n fi ń gbọ́n omi náà. Nígbà tí ìjọba bá 'bail out' báńkì, igbá àwọn tó ń san owó-orí ni.

Ìkejì ni 'trickle down'. Wọ́n ní bí owó bá kún ọ̀dọ̀ olówó, á máa kán sọ́dọ̀ tálákà díẹ̀díẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yà á. Ẹni tó bá yà á á rí i fúnra rẹ̀ pé àgbá òkè gbọ́dọ̀ kún kó tó dàálẹ̀, àti pé ẹni tó ní àgbá lè lọ ra èyí tó tóbi jù ú lọ.

Èèkàn àti ìgbì

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń sá fún ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ owó, wọ́n ní ó le. Ní Lomé, ó rọrùn ju ti ibikíbi lọ, nítorí pé àwọn tó ń pààrọ̀ owó ní Kodjoviakopé, lẹ́bàá ẹnubodè, ń di sẹ́fà, cedi àti náírà mú ní ọwọ́ kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé cedi òní lè má rí bíi ti àná, àti pé sẹ́fà kì í yẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ euro.

Sẹ́fà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní owó tí wọ́n 'peg'. Èèkàn ni 'peg', irú èyí tí à ń so ewúrẹ́ mọ́. Láti ọdún 1999, euro kan ni 655.957 sẹ́fà, ibi tí wọ́n kan èèkàn náà sí nìyẹn. Faransé ní tirẹ̀ sọ owó náà di ọkọ̀ ojú omi, 'arrimer' ni wọ́n ń lò, bí ẹni de ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní èbúté. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìyàtọ̀ yìí, torí bí wọ́n bá gbé àwòrán Faransé wọnú Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn wọn á wọ́. Náírà àti cedi ní tiwọn ń 'float', wọ́n ń léfòó.

Àǹfààní àwòrán méjèèjì ni pé wọ́n ń la 'devalue' àti 'depreciate' níjà, àwọn ọ̀rọ̀ méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pò pọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1994, ní Dakar, wọ́n kéde pé franc Faransé kan tó jẹ́ 50 sẹ́fà ti di 100. Àwọn kan jókòó, wọ́n fa èèkàn tu, wọ́n sì lọ kàn án síbòmíràn. 'Devalue' nìyẹn, ẹnì kan ló ṣe é. Aṣọ tí Nana Benz ń kó wọlé láti Netherlands wá ń ná wọn ní ìlọ́po méjì iye sẹ́fà tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀, iyì òwò náà sì dínkù púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹni tó rántí ọdún yẹn bá wà ní kíláàsì, kó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó tẹnu rẹ̀ jáde á kọ́ wọn ju ti ìwé lọ. Ti owó tó ń léfòó yàtọ̀: bí ìgbì bá gbé e lọ sísàlẹ̀, 'depreciate' ló ń ṣe.

Kí ẹ wá mú ìròyìn Nàìjíríà ti oṣù kẹfà ọdún 2023 wá, nígbà tí báńkì àpapọ̀ ibẹ̀ tú náírà sílẹ̀. Ìwé ìròyìn kan á kọ 'float', òmíràn á kọ 'devalue', ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń sọ. Ẹ bi wọ́n pé èwo ló jẹ́ kí ó dà bíi pé kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan. Àwòrán omi dáa lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń fi ọwọ́ ẹni tó tú okùn pamọ́.

Irun, abẹ àti olórí

Ẹ jẹ́ ká padà sórí onígbàjámọ̀ wa. Lẹ́nu àwọn oníṣòwò owó, 'haircut' ni kí ẹni tó yáni lówó gbà kí wọ́n gé díẹ̀ kúrò nínú ohun tó yẹ kó gbà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ọdún 2022, ìjọba Ghana gbé ètò kan jáde: kí àwọn tó ní ìwé gbèsè àtijọ́ lọ́wọ́ wá pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun. Wọn ò ní fọwọ́ kan iye tí wọ́n yá gan-an, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsanpadà á sún síwájú, èlé á sì lọ sílẹ̀. Ìjọba ní àwọn ò gé irun ẹnikẹ́ni.

Ìṣirò yìí gan-an ni kẹ́ ẹ fi ṣe ẹ̀kọ́. Ní oṣù yẹn kan náà, ọ̀wọ́ngógó ọjà ní Ghana dé 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ bi wọ́n pé cedi ọgọ́rùn-ún tí wọ́n máa san lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kí ni yóò rà? Akẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀-ajé á fò sókè láti ṣàlàyé. Ẹ fún un ní ṣọ́ọ̀kì, kó ṣe é ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kejì ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tó ní ìwé gbèsè náà lọ jókòó síwájú ilé iṣẹ́ ètò ìnáwó ní Accra, Sophia Akuffo, tó ti ṣe adájọ́ àgbà Ghana rí, sì wà láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan wà tó bá ibí yìí mu wẹ́kú: a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo kíláàsì, kí ẹ sì kọ ìbéèrè mẹ́ta sójú pátákó. Ta ló mú abẹ dání? Orí ta ni? Ṣé olórí wà níbẹ̀? Ẹ ò ní gbàgbé pé irun máa ń hù padà, kì í sì í dun ẹni tí wọ́n bá gé e fún. Owó ìfẹ̀yìntì kì í hù. Ẹni tó pe àdánù ní ìgérun ti rọ̀ ọ́ lójú ká tó bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn. Iṣẹ́ àṣetiléwá: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìròyìn yìí ní ìpínrọ̀ mẹ́ta, ọ̀kan bíi pé mínísítà ló kọ ọ́, ọ̀kan bí òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, ọ̀kan bí báńkì tó yá ìjọba lówó. Wọn ò gbọ́dọ̀ lo àfiwé kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo orí yìí.

Àwọn tó kù

Ọ̀rọ̀ ìlọsókè-lọsódò kì í gba àkókò. Frank Boers, ọmọ Belgium, ṣe ìwádìí tó jáde lọ́dún 2000, ó sì rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá pín ọ̀rọ̀ fún ní agbo-agbo, bí àwòrán inú wọn ṣe rí, máa ń rántí wọn ju ẹni tí wọ́n fún ní àtòjọ lásán lọ. Ẹ fi 'soar' àti 'take off' sí ọ̀dọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, 'plunge' sí ọ̀dọ̀ òmùwẹ̀, 'climb', 'peak' àti 'slide' sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gun òkè. Iye owó tòmátì láàárín ọdún kan tó láti lo gbogbo rẹ̀.

Ti 'bull' àti 'bear' ló le, torí Faransé ò mú ẹranko wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. 'Haussier' àti 'baissier' ni wọ́n ń sọ, kò sì sẹ́ni tó ti rí béárì rí ní Lomé. Ẹ ní màlúù akọ máa ń fi ìwo ta nǹkan sókè, béárì a máa fi èékánná fà á wálẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ọgbọ́n ìrántí nìyẹn, kì í ṣe ìtàn ọ̀rọ̀ náà.

Ara àti àìsàn yẹ kí wọ́n mọ́ wọn lára. François Quesnay tó ya àwòrán bí owó ṣe ń yí po nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1758, dókítà ló jẹ́ láàfin ọba. 'Healthy', 'ailing', 'injection', 'recovery', gbogbo wọn ni Faransé ní irú rẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni kẹ́ ẹ bi wọ́n lórí wọn: bí orílẹ̀-èdè bá ń ṣàìsàn, ta ló yan dókítà?

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń máàkì

Àṣìṣe tẹ́ ẹ ó máa rí jù ni àfiwé Faransé tó wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ pé òun san owó 'in liquid', nítorí pé owó ọwọ́ ni Faransé ń pè ní 'liquide'. Ó kéré tán, inú agbo omi ló wà. Ẹ fi 'cash' rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé 'liquid' wà ní Gẹ̀ẹ́sì fún dúkìá tó yá láti sọ dowó. Ẹlòmíràn á kọ 'money whitening', torí 'blanchiment'. Àwòrán rẹ̀ pé: owó ẹlẹ́gbin wà, ẹnì kan sì fẹ́ kó mọ́. Ọ̀rọ̀ nìkan ló ṣì, 'laundering' ló yẹ kó jẹ́. Ẹ fún un ní ìdajì máàkì. Èyí tó kọ 'the stock purse' nítorí 'Bourse', òun ni kẹ́ ẹ pè sọ́dọ̀ lẹ́yìn kíláàsì, nítorí òun kò wo àwòrán rárá, ọ̀rọ̀ ló ń pààrọ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ẹ fún un ní ìròyìn ọdọọdún ti BIDC, tí wọ́n ń tẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, kó fi ojú ìwé kan wé èkejì, kó sì fàlà sídìí gbogbo ibi tí àwòrán méjèèjì ò ti bára mu.